Ògiri Tí Ń Mu Omi

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà sọ ní Etioro-Àkókó

Ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ilé tuntun tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́. Ilé àtijọ́ ni, ilé tí àwọn bàbá wa fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri rẹ̀, tí ó ti ń sán báyìí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń rin bí aṣọ tí a kò sá gbẹ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Etioro níbí. Kò sì ṣọ̀wọ́n ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkàrẹ́.

Bí a bá bi onílé pé kí ni yóò ṣe sí i, ìdáhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: "Bí owó bá dé, n ó ra sìmẹ́ńtì, n ó fi rẹ́ ẹ." Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì yìí gan-an ni a bá wá. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe ọ̀tá wa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bo ògiri amọ̀ tí ó ń mu omi, kò wo ògiri náà sàn. Ó ń bá a fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí omi ti ń wá. Ẹ wo àwọn òkè tí ó yí wa ká. Àpáta ni púpọ̀ nínú wọn. Bí òjò bá rọ̀ sí ilẹ̀ oko, ilẹ̀ a mu nínú rẹ̀. Bí ó bá rọ̀ sórí àpáta, àpáta kì í mu ún; gbogbo rẹ̀ ni yóò ya wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà ogun àwọn Núpé, ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn Àkókó sá sí. Nígbà tí ayé rọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè ni púpọ̀ nínú wọn sì tẹ̀dó sí, níbi tí omi òkè ń gbà kọjá.

Èyí nìkan kọ́. Ní ẹsẹ̀ òkè, ilẹ̀ kì í sábà jìn kí a tó kan àpáta. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ kànga tàbí ṣáláńgá rí níhìn-ín mọ ohun tí à ń wí. Omi tí ó bá wọ ilẹ̀ yóò lọ kan àpáta nísàlẹ̀, kò ní rí ọ̀nà mọ́, yóò sì dúró síbẹ̀, lábẹ́ ilé wa. Ògiri yóò wá máa fà á mu.

Ẹ lè ní, báwo ni omi ṣe ń gun òkè? Ẹ wo àtùpà. Kẹrosíìnì wà nísàlẹ̀, iná wà lókè, kò sí ẹni tí ó ń bù ú sókè. Òwú ni ó ń fà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni amọ̀ ń fa omi. Òkúta ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í mu omi púpọ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ tí a fi lẹ òkúta mọ́ òkúta ń mu ún. Omi lè gun ògiri dé orókún, ó sì lè dé ìbàdí. Bí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, nígbà mìíràn ó lè tó mítà kan.

Kí ni ògiri ń ṣe pẹ̀lú omi tí ó mu? Ẹ wo ìkòkò omi tí àwọn ìyá wa máa ń gbé sí igun ilé. Ara rẹ̀ máa ń làágùn. Òógùn náà ni ó ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù. Bí ẹnìkan bá lọ fi ọ̀dà kun ara ìkòkò náà, kò ní làágùn mọ́, omi rẹ̀ kò sì ní tutù mọ́. Ọmọ ìyá ìkòkò ni ògiri amọ̀. Ó ń mu omi nígbà òjò, ó sì ń làágùn rẹ̀ jáde nígbà tí oòrùn bá ràn, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, ó gbẹ pátápátá. Ohun tí ó jẹ́ kí ilé àwọn bàbá wa pẹ́ láyé nìyẹn.

Àwọn náà sì dáàbò bo ògiri wọn. Koríko tàbí ewé ni wọ́n fi ń bo ilé. Etí òrùlé náà máa ń wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà a fi tẹríba kí ó tó wọlé, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ a sì bọ́ sí ibi tí ó jìnnà sí ògiri. Nígbà tí páànù dé, a ṣí koríko kúrò. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí iná. Ṣùgbọ́n nítorí kí páànù lè tó, kápẹ́ńtà gé etí òrùlé kúrú, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wá ń bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an. Ó ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì ń ta ẹrẹ̀ sára ilé. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé yín nígbà tí òjò bá dá, ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ.

Sìmẹ́ńtì ni ó tẹ̀ lé páànù. Òkè-òkun ni wọ́n ti ń kó o wá tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ Nkalagu ní ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilẹ̀ wa. Ti Ewékorò, ní apá Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960. Láti ìgbà náà wá, ilé tí a kò bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ojú tálákà ni wọ́n fi ń wo onílé rẹ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa: bí òkú àgbà bá fẹ́ẹ́ wáyé, ojúlé tí àlejò yóò rí ni a ó rẹ́, tí a ó kùn, ẹ̀yìn ilé tí ó kọjú sí òkè a sì wà bí ó ti wà. Ẹ má bínú sí wa, òótọ́ ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ sìmẹ́ńtì náà. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Ògiri amọ̀ ń wú díẹ̀ nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Sìmẹ́ńtì kò lè bá a jó ijó náà, nítorí náà yóò sán, tín-ín-rín bí irun orí. Omi òjò yóò gba ojú sísán yẹn wọlé. Omi ilẹ̀ pẹ̀lú yóò máa gòkè bọ̀. Méjèèjì yóò pàdé láàárín amọ̀ àti sìmẹ́ńtì, kò sì ní sí ọ̀nà fún wọn láti jáde. Ó dà bí ènìyàn tí ó wọ ẹ̀wù òjò lọ sí oko ebè ní ọ̀sán gangan. Amọ̀ yóò padà di ẹrẹ̀ bí ó ti wà kí wọ́n tó fi mọ ilé, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó dúró níta, ògiri ń dán.

Ẹ fi ìka kan ògiri yín bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá dún kì, kì, ó ṣì mú ara rẹ̀. Bí ó bá dún kó, kó, bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ti yà kúrò lára amọ̀. Àmì mìíràn ni ohun funfun bí ìyẹ̀fun tí ó máa ń yọ nísàlẹ̀ ògiri. Àwọn kan ní àjẹ́ ni ó ń ṣe é. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ni omi gbé gun ògiri. Omi gbẹ lọ, iyọ̀ ṣẹ́kù, ó sì ń jẹ ojú ògiri díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa ya lulẹ̀.

Ilẹ̀ ilé tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tí a fi ewé àti ìgbẹ́ màlúù pa ń jẹ́ kí omi díẹ̀ gba àárín ilé jáde. Bí a bá ti dí i pa, ara ògiri nìkan ni omi ní láti gbà. A kò ní kí ẹ fọ́ ilẹ̀ ilé yín o. A kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ni.

Àwa kọ́ ni ó kọ́kọ́ kan. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà ní Ranchos de Taos, San Francisco de Asís ni orúkọ rẹ̀. Amọ̀ ni gbogbo ògiri rẹ̀, amọ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ sì fi ń rẹ́ ẹ láti ìgbà láéláé. Ní ọdún 1967, kí iṣẹ́ lè dín kù, wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Kò pẹ́ tí omi fi há sínú ògiri, tí amọ̀ inú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ní ọdún 1979, wọ́n ṣí gbogbo sìmẹ́ńtì náà kúrò, wọ́n padà sí amọ̀. Títí di òní, lọ́dọọdún ni tọkùnrin tobìnrin ìjọ náà ń jáde láti rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Kí ẹ má baà rò pé amọ̀ ní agbára idán kan: ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́sálásí ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1907, amọ̀ ni látòkè délẹ̀. Gbogbo ìlú ni ó ń jáde láti rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, òjò ńlá kan rọ̀, apá kan nínú ilé-ìṣọ́ rẹ̀ sì wó. Wọ́n tún un kọ́ pẹ̀lú amọ̀. Omi ni ọ̀tá amọ̀. Ẹni tí ó bá ní ilé amọ̀, iṣẹ́ àtúnṣe kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ sísán sọ́tọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo sísán ni ó ń wá láti ara sìmẹ́ńtì. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá kò burú. Ohun tí ó ya ògiri lẹ́nu ni kí a wá. Bí ojú sísán bá gba igun fèrèsé tàbí igun ilẹ̀kùn lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ilé náà ni ó ń rì. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ òkè bí irú tiwa, nítorí pé apá kan ilé lè wà lórí àpáta tí kò ní mì láéláé, kí apá kejì wà lórí ilẹ̀ rírọ̀. Omi yóò rin apá kejì yìí, yóò rì, ilé yóò sì pín sí méjì.

Ohun kan tún wà tí kì í rọrùn láti sọ láàárín àgbà. A máa ń sin àwọn òbí wa sínú ilé, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibojì tí a gbẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri ń gba ilẹ̀ tí ìpìlẹ̀ dúró lé, ilẹ̀ tí a sì kó padà sínú rẹ̀ kì í le bíi ti àkọ́kọ́. Omi yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí ẹbí bá fẹ́ gbẹ́ ibojì, kí wọ́n jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri, ó kéré tán kí ó tó bí ó ti jìn sí ilẹ̀. Bákan náà ni kòtò tí a ti ń wa amọ̀, àti omi balùwẹ̀ tí ó ń ṣàn sí ẹ̀yìn yàrá lójoojúmọ́, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn.

Níbi ọ̀rọ̀ sísán yìí ni ìwé tí ẹ ń kọ́ ti wúlò. Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Níbi tí sísán náà parí sí lókè, ẹ fa ìlà kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Ní àárín, ẹ ṣe àmì kan sí ọ̀tún ojú sísán, àmì kan sí òsì, kí ẹ fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàárín wọn, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ní oṣù kejì, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ ṣe é títí ọdún yóò fi yípo, kí ẹ lè rí ti òjò, kí ẹ rí ti ọyẹ́. Bí ó bá ń lanu nígbà ọyẹ́ tí ó sì ń pa dé nígbà òjò, ilẹ̀ ni ó ń wú tí ó sì ń sún kì. Ẹ lè fara balẹ̀ tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń fẹ̀ sí i ni lóṣooṣù, tí kì í padà, ìpìlẹ̀ ń lọ. Ẹ pe bírikìlà tí ó mọ ilé amọ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ kọ hàn án. Kò ní lè sọ fún yín pé ẹ kàn ń bẹ̀rù ni.

Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà tí a kì í fi pẹ́ńsùlù dúró dè. Bí ògiri bá yọ ikùn síta. Bí ìka ọwọ́ bá lè wọ ojú sísán. Bí ilẹ̀kùn tí ó ti ń tì dáadáa kò bá tì mọ́ lójijì. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí erùpẹ̀ ń dà wàràwàrà lóru lẹ́yìn òjò púpọ̀. Ẹ gbé ẹní yín kúrò ní yàrá náà lóru ọjọ́ yẹn gan-an, kí ẹ gbé àwọn ọmọ kúrò pẹ̀lú. Lóru òjò ni irú ògiri bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wó, nígbà tí gbogbo ilé ń sùn.

Ilé tí kò tilẹ̀ wó ń pa ènìyàn lára. Àwọn àmì dúdúdúdú tí ó ń hù lára ògiri tútù, irú èyí tí ó ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu, a máa fa ikọ́ àti ikọ́ fée. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2009. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ lóru nínú yàrá kan, tí kì í wúkọ́ níbòmíràn, ẹ wo ògiri tí ó sún mọ́ orí ibùsùn rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé, kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé tí ó kọjú sí òkè. Lọ́dọọdún ni ọ̀gbàrá ń kó ilẹ̀ wá jọ síbẹ̀, títí ilẹ̀ ìta yóò fi ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ. Ẹ wa ilẹ̀ yẹn kúrò. Ẹ la gọ́tà sẹ́yìn ilé, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ògiri, kí ó dàgẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi òkúta tẹ́ inú rẹ̀. Òkúta kò wọ́n wa. Ní apá ìsàlẹ̀ ilé, ibi tí ọ̀gbàrá ti wú ìpìlẹ̀ síta, ẹ kó òkúta àti ilẹ̀ líle padà sí i, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí owó bá wà, kí kápẹ́ńtà fa etí páànù síwájú. Bí kò bá sí, ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí, kí ó má lè gbẹ́lẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣí sìmẹ́ńtì, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí rírin náà dé. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Bí ògiri bá ti tẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi fi igi gbé e ró. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ọyẹ́ ni ó dára jù fún un. Níbi tí ó sán, ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi amọ̀ tí ó nípọn àti òkúta wẹ́wẹ́ há a. Ní ti rírẹ́, amọ̀, yanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ ni kí ẹ pò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó lò ó. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sàn ju ọ̀kan tí ó nípọn lọ. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ibi kékeré kan wò. Bí ó bá sán, yanrìn kò tó. Bí ó bá ń ya kúrò lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun, amọ̀ kò tó. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n rẹ́ ilé rí ṣì wà láàyè ní ìlú yìí. Ẹ lọ bá wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwa lọ.

Ẹni tí ó bá ti ra sìmẹ́ńtì sílẹ̀ kò pàdánù. Kí ó fi mọ etí gọ́tà, kí ó fi tẹ́ ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde.

Kí ẹ tó la gọ́tà, ẹ lọ bá aládùúgbò yín. Gọ́tà tí ó bá lé omi kúrò lẹ́yìn ilé tiyín tí ó sì dà á sí ẹsẹ̀ ògiri ẹlòmíràn, ìjà ni yóò dá sílẹ̀, ògiri kejì yóò sì wó. Ní ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ jọ jáde, kí ẹ tẹ̀ lé omi láti ẹsẹ̀ òkè títí dé odò, kí ẹ wo ibi tí ó ń gbà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ta okùn sí, kí ọkọ́ tó wọlẹ̀.